Iléyá Tí Ìyá Wá Ṣe Létí Igbó

Bẹ́ẹ̀dì ni Tèslìmù Bákàrè ń ṣe tà ní Anloga Junction, kò sì sí ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀ tó padà wá bá a jà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kì í dún. Òun fúnra rẹ̀ kì í dún pẹ̀lú. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá igi náà lágbára, á ní, "Dùbúlẹ̀ lé e," á sì yíjú síbòmíràn. Ìlú Kumasi ni wọ́n bí i sí, Zongo ló dàgbà sí láàárín àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ọmọ àlejò, baba rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia. Ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún. Èdè Twi ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń kí ìyá rẹ̀, ó sì máa ń fi Haúsá dí ibi tó bá kù.

Táíwò ni. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé rẹ̀ lọ nígbà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kó jáde ní Ghana. Ìyá kì í sọ pé ó kú, ó ní ó rìnrìn àjò. Tèslìmù kò rántí ojú rẹ̀. Baba wọn jẹ́ àlùfáà tó le, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì àti oúnjẹ ìbejì nínú ilé rẹ̀, ó ní àṣà kèfèrí ni. Nígbà tí baba kú, Àbdùssàlàm tó jẹ́ àkọ́bí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kó bàjẹ́.

Nígbà tí Tèslìmù máa kọ́lé, gbogbo ọmọ Yorùbá tó ní làákàyè ní Kumasi ló ń wá ilẹ̀ síbi tí wọ́n á ti máa rí ara wọn. Tèslìmù lọ ra tirẹ̀ létí igbó odò Owabi, níbi tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọdẹ. Wọ́n sọ fún àwọn ọdẹ kí wọ́n má wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ẹranko kí wọ́n má jáde. Awọ́nríwọ́n kan ń gbé nídìí táǹkì omi rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àdán á gba orí òrùlé kọjá títí ojú ọ̀run á fi dúdú. Àwọn ọ̀bọ mọ ọjọ́ tí Yaa, ìyàwó rẹ̀, ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ju bí òun baálé ilé ti mọ̀ ọ́n lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Àbdùssàlàm wá wo ilé náà, ọ̀bọ kan jókòó sórí ògiri, ó ń bó ẹ̀pà. Àbdùssàlàm wo ọ̀bọ, ó wo àbúrò rẹ̀, ó ní, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni onílé?"

Nígbà tó ra ilẹ̀ náà, ó lọ sọ fún Ìyá. Ìyá kò béèrè bó ṣe tóbi sí. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé, "Apá ibo odò?" Tèslìmù ní apá ìhín ni. Ìyá ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà kò béèrè ohunkóhun mọ́, kò sì wá wò ó. Tèslìmù gbà pé igbó ló ń bà á lẹ́rù.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn Tèslìmù láti ìgbà tó ti gbé òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ ni pé kí Ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá Hàlímọ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ Àbdùssàlàm ló wà ní Zongo, nínú ilé baba wọn, níbi tí ẹ̀rọ ìlọ̀kà ti ń ké lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ láti òwúrọ̀, tí ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ayálégbé sì ń du ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo. Àbdùssàlàm ń tọ́jú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, Tèslìmù sì wò ó pé búrẹ́dì nìkan ni òun ń gbé lọ fún ìyá òun láti ọjọ́ yìí. Ó fi igi ìrókò ṣe bẹ́ẹ̀dì kan, ó ṣe é kó rẹlẹ̀, kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè kan ilẹ̀ láìfò. Ó gbé e sí yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí jù. Bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó sùn lé e.

Níkẹyìn, Àbdùssàlàm dá ẹjọ́. Iléyá ọdún yìí bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ìsinmi sì wọ Sátidé àti Sọ́ńdè. Ó ní kí Ìyá lọ lo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta létí igbó. "Bí mo bá ti kírun alaasari tán ní Sọ́ńdè, mo ń bọ̀. Màá bi í lójú ìwọ náà. Bó bá ní òun ń dúró, ó dúró nìyẹn. Bó bá ní òun ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ìyá kì í ṣe bọ́ọ̀lù." Tèslìmù gbà.

Ní ọjọ́ Alámìísì, ó lọ ra kànnàkànnà onírọ́bà ní Kejetia. Ẹni tó tà á fún un bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó délé, ó gbé agolo mílíìkì sórí ògiri, ó sì ń sọ ọ́ lókò títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó pe Yaa àti Fuseina, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti yunifásítì wálé fún ìsinmi, ó mú wọn jókòó sí pálọ̀.

"Láti ọ̀la títí di Sọ́ńdè," ó ní, "kò sí ẹranko kankan nílé yìí."

Yaa gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. "Kwakuo no deɛ, ka kyerɛ wɔn," ó ní, ìyẹn ni pé kó lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀bọ fúnra wọn.

"Daddy, and the awọ́nríwọ́n?" Fuseina béèrè. "Him too go travel?"

Tèslìmù dìde. Ó jáde lọ gé odindi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì fi òkúta lé orí ìdérí garawa ààtàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kírun ní Yídì, wọ́n pa àgbò ní ilé baba wọn, wọ́n pín ẹran fún ẹni tó yẹ. Ó di ọ̀sán kí Tèslìmù tó gbé Ìyá sínú ọkọ̀. Àpò kan ni Ìyá gbé dání, àti ìkòkò kékeré kan tó fi ìborùn dì. Tèslìmù fẹ́ gbé ìkòkò náà sẹ́yìn ọkọ̀, Ìyá ní rárá. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé títí wọ́n fi dé. Tèslìmù kò bi í léèrè. Kí ni èèyàn fẹ́ bi àgbàlagbà léèrè lórí ìkòkò?

Ìyá wọ inú yàrá, ó wo fèrèsé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó mi ara rẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kò dún.

"Ó dára," ó ní.

Inú Tèslìmù dùn débi pé kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó bọ́ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wọn àtẹ̀gùn ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ̀n kó tó ní kí wọ́n mọ ọ́n.

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹran. Ibẹ̀ ni awọ́nríwọ́n ti jáde láti ìdí táǹkì, tó ń wọ́ bọ̀ láàárín àgbàlá ní wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti san owó ilé. Tèslìmù dìde. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín ẹranko náà àti Ìyá, ó na apá agbádá ọdún rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe tún òrùlé ọjà Kejetia ṣe. Bí awọ́nríwọ́n ti ń lọ sápá òsì, Tèslìmù ń fẹ̀gbẹ́ rìn sápá òsì. Ìyá na ọrùn sọ́tùn-ún, Tèslìmù náà yà sọ́tùn-ún.

"Táíwò, kí lo ń jó?"

"Ooru ni, Ìyá."

Ìyá wò ó. Fuseina gbé àwo rẹ̀, ó wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀bọ dé kí oòrùn tó rọlẹ̀. Mẹ́ta ló gun orí ògiri, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti gé. Tèslìmù fa kànnàkànnà yọ lábẹ́ agbádá, òkúta àkọ́kọ́ ba ògiri, àwọn ọ̀bọ sì fò sẹ́yìn. Ìyá pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Táíwò."

"Ẹ má bẹ̀rù, Ìyá. Mo wà níbí."

Ìyá tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó gbé àwo ẹran sílẹ̀ láìtíì jẹ ìdajì, ó wọlé. Tèslìmù sọ fún Yaa pé eyín ló ń yọ Ìyá lẹ́nu, kó bá òun se ẹran náà rọ̀ sí i.

Nígbà tí àdán bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ó tan rédíò, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè dé ibi tó lè dé. Ìyá na ọrùn jáde lójú fèrèsé.

"Àdán nìyẹn, àbí?"

"Ẹyẹlé ni, Ìyá. Àwọn aládùúgbò ló ń sìn ín."

Ìyá wo ojú ọ̀run tó ṣókùnkùn láti igun kan dé ìkejì. "Wọ́n ń gbìyànjú," ó ní, ó sì ti fèrèsé.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Ìyá ti ṣáájú Yaa dé ilé ìdáná. Ó tú ìborùn, ó gbé ìkòkò kékeré náà kaná, ó bu ẹ̀wà láti inú àpò rẹ̀ sí i. Yaa ní, "Maame, odindi itan àgbò ń bẹ nínú fíríìjì o." Ìyá ní òun mọ̀. Ó ní kó bá òun wá epo pupa. Tèslìmù gbọ́ òórùn ẹ̀wà látinú yàrá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó bá ti ń dáná nílé kan, ó ti ń di ará ilé náà nìyẹn.

Ó yípo ilé láti wò ó bóyá àyíká mọ́. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó bá àwo tánganran funfun kan nílẹ̀. Ẹ̀wà kún inú rẹ̀, epo pupa ń dán lójú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tèslìmù dúró tì í. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó mọ àwọn àgbàlagbà méjì tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Zongo, tí wọ́n á gbé oúnjẹ síbi tí kò yẹ, wọ́n á gbàgbé, wọ́n á sì tún lọ bu òmíràn. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí Àbdùssàlàm bá gbọ́ pé Ìyá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ sórí ilẹ̀pẹ̀, á ní ọjọ́ kan péré tó lò létí igbó ló ti fọ́n iyè rẹ̀ ká.

Ó da ẹ̀wà náà sí ààtàn, ó gbé òkúta padà lé e. Ó fọ àwo fúnra rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Kò sọ fún Yaa. Ó wò ó pé òun bo ìyá òun láṣìírí.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwo náà tún ti wà lábẹ́ igi. Tèslìmù tẹ̀ síwájú láti gbé e, àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí ọ̀bọ lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀: ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀wà. Ó fa rọ́bà. Agolo mílíìkì ti kọ́ ọ dáadáa. Òkúta ba ọmọ ọ̀bọ náà lẹ́sẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀, ó ké. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ ènìyàn. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó gun ògiri pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n wọ igbó lọ.

Nígbà tí Tèslìmù da ẹ̀wà náà nù tán, tó yíjú padà, Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Tèslìmù sáré dì í mú.

"Ẹ má bẹ̀rù mọ́, Ìyá. Wọn ò ní padà wá."

"Mo gbọ́," Ìyá ní. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wọlé.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìyá ti rí òkò, ó sì ti rí ibi tí ẹ̀wà wọlé sí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Yaa wá bá Tèslìmù nídìí táǹkì, níbi tó ti ń fi igi lé awọ́nríwọ́n láìsí àbájáde.

"Bàbá Fuseina, Maame ti di ẹrù rẹ̀."

Tèslìmù lọ yọjú. Òótọ́ ni. Àpò wà nídìí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti so ẹnu rẹ̀. Ìkòkò ti padà sínú ìborùn. Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì náà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ trotro.

"Kí lo ṣe fún un?" Yaa béèrè.

"Kò sí. Mo lé àwọn ọ̀bọ fún un."

"Daddy," Fuseina ní, "the monkeys no dey worry Ìyá o. Na you dem dey worry."

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni Tèslìmù pè é. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ìgbà tí gbogbo ilé máa jí ní Sọ́ńdè, ó ti wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú kànnàkànnà, ó kó òkúta sínú àpò ṣòkòtò, ó ń rìn láti igun kan sí ìkejì. Ọ̀bọ kankan kò yọjú. Ìyá kò dáná. Àgbàlá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú táǹkì. Tèslìmù wo ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó rò pé bí Ìyá bá fi ojú ara rẹ̀ rí bí ibi gbogbo ṣe parọ́rọ́, á tú ẹrù rẹ̀.

Àbdùssàlàm dé bó ti wí, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó wo orí ògiri.

"Àwọn onílé dà?"

"Mo ti lé wọn," Tèslìmù ní.

Wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá jáde pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, Fuseina gbé àpò tẹ̀ lé e, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Yaa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá," Àbdùssàlàm ní, "ọmọ yín yìí fẹ́ kí ẹ máa gbé lọ́dọ̀ òun. Kí lẹ wí?"

"Ilé rẹ̀ dára," Ìyá ní. "Yàrá náà tutù. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò sùn sórí irú rẹ̀ rí láyé mi. Ìyàwó rẹ̀ tọ́jú mi." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó ṣe Tèslìmù bí ẹni pé wọ́n yọ àga lábẹ́ rẹ̀. "Ìyá, kí ni mo ṣe? Àwọn ẹranko yẹn ni? Kò sí ìkankan mọ́. Ẹ wò ó, mo ti lé gbogbo wọn lọ."

"Mo rí i." Àbdùssàlàm ni Ìyá kọjú sí. "Ó sọ òkò lu ọmọ mi. Ó da oúnjẹ rẹ̀ sí ààtàn. N kò lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ òkò lu ọmọ mi."

Tèslìmù mọ̀ nígbà náà pé ó ti parí. Iyè Ìyá ti lọ, ó sì ti lọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo Àbdùssàlàm, ó ń retí kó sọ ọ́ síta.

Àbdùssàlàm ṣí fìlà. Ó wo igi máńgòrò, ó wo apá ibi tí odò wà lẹ́yìn àwọn igi.

"Ẹ tún se ẹ̀wà," ó ní.

"Mo sè é."

"Ìyá, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi kàn ń gbọ́ ni."

Àbdùssàlàm yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ohùn tó máa ń fi bú u kọ́ ló lò. "O ò lè rántí ibí yìí. Lọ́dún tí wọ́n ń lé wa, Bàbá kó wa pamọ́ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kòkó kan tí wọ́n ń pè ní Yaw. Òdìkejì omi yẹn ni oko rẹ̀ wà, kò tíì sí ilé kankan níhìn-ín. Ibà mú Kẹ́hìndé. A ò lè gbé e jáde lọ sí ọsibítù, nítorí a ò níwèé. Òdìkejì omi náà la sin ín sí, èmi ni mo gbé fìtílà." Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan kọjá lọ́wọ́. "Nígbà tó yá, àwọn ọ̀bọ ń wá sẹ́yìn ilé Yaw. Ìyá ń se ẹ̀wà fún wọn. Bàbá ń bínú, Ìyá ń sè é. Nígbà tí a padà sí Zongo, kò sí ọ̀bọ, ó ń sè é fún àwọn ọmọ tó bá ń kọjá. Bàbá ní kó jáwọ́. Èmi náà ní kó jáwọ́."

"Sàráà ni," Ìyá ní. "Ọlọ́run tó dá yín ló dá ọ̀bọ."

Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ pé ọmọ ìyá ni ìbejì àti ẹdun, pé ilé tó bá bí èjìrẹ́ kì í sọ òkò sí ọ̀bọ. Tèslìmù náà ti gbọ́ ọ rí. Ó gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ pé òjò rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò mọ̀ pé ó lè pa òun ní Kumasi. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rí ọ̀kan tí kò dára.

"Ìyá, Fuseina ní wọ́n kọ́ àwọn ní yunifásítì pé ọ̀bọ ibí yìí kì í ṣe ẹdun. Ó ní ẹdun yàtọ̀."

"Ìwọ náà ò jọ Táíwò," Ìyá ní. "Mo ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Tèslìmù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ọdún. Ìyá kò tètè ní kó dìde. Níkẹyìn, ó dìde. Ó fa kànnàkànnà yọ, ó gbé e fún Fuseina, ó ní kó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ ti àpò Ìyá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́," ó tú ẹnu rẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni ẹ̀wà wà. Gbogbo èyí tó kù ló kó jáde.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kaná. Ẹ̀wà kì í yára jiná, kì í sì í mọ̀ pé Àlájì Àbdùssàlàm ń dúró. Àbdùssàlàm sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó máa dí ọ̀nà Race Course. Ó wo aago. Ó kírun mọgaribi lórí ẹní Tèslìmù, ó tún padà jókòó. Ìyá jókòó síbi tó wà, ó ń wo igi. Yaa gbé epo pupa wá kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà rọ̀, Tèslìmù bù ú sínú àwo tánganran funfun, ó gbé e lọ sídìí máńgòrò, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì padà sẹ́yìn.

Gbogbo wọn ń wo orí ògiri. Ọ̀bọ kankan kò wá. Àdán bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí òrùlé, kò sẹ́ni tó tan rédíò.

"Ẹyẹlé àwọn aládùúgbò," Ìyá ní.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Fuseina.

"Wọn ò ní wá," Àbdùssàlàm ní. "Ó ti lé wọn, ó sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá, ilẹ̀ ti ń ṣú."

"Wọn ò ní wá lónìí." Ìyá nawọ́ sí abẹ́ igi. "Táíwò, lọ jẹ tìrẹ."

"Tèmi, Ìyá?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé e kalẹ̀ fún un, ó ń dá a jẹ. O ò bá a jẹ ẹ́ rí."

Tèslìmù lọ. Ó lóṣòó sídìí igi, ó wẹ ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Iyọ̀ ẹ̀wà náà kò pọ̀, epo rẹ̀ sì ta sánsán. Ó fi ìka pín in sí méjì láàárín àwo, ó ń jẹ apá kan, kò jẹ́ kí ọwọ́ òun kọjá sí apá kejì. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń bọ́ sínú agbádá ọdún. Ó ń sunkún, ó ń jẹun, kò sì dún. Nígbà tó jẹ ìdajì tirẹ̀ tán, ó dìde, ó fi ìdajì tó kù sílẹ̀ níbẹ̀.

"Àbdùssàlàm," Ìyá ní, "gbé àpò mi wọlé."

"Títí di ìgbà wo, Ìyá?"

"Títí wọ́n á fi wá."

"Bí wọn ò bá wá mọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ lo gbé fìtílà," Ìyá ní. "O mọ̀ pé mo lè dúró."

Àbdùssàlàm dé fìlà rẹ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò náà. Ó fúyẹ́, nítorí ẹ̀wà ti kúrò nínú rẹ̀.